Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Ifá Lọ́wọ́ Àwọn Onímọ̀ Ẹ̀ka Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ìfáárà

Yorùbá ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí a bá wo iṣẹ́ ìwádìí tí ó ti jáde lórí Ifá láti àárín ọ̀rúndún tó kọjá, òwe yìí bá a mu. Ìwọ̀nba nǹkan ni ó wà nínú àṣà Yorùbá tí ẹ̀ka ìmọ̀ púpọ̀ tó báyìí ti fọwọ́ kàn. William Bascom, onímọ̀ nípa ẹ̀dá àti àṣà, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937, ó sì tẹ Ifa Divination jáde ní 1969. Ojú ìmọ̀ ẹ̀sìn ni Bọ́lájí Ìdòwú fi wo Ifá nígbà tí ó kọ Olódùmarè: God in Yoruba Belief ní 1962. Wándé Abímbọ́lá gbé e ka orí lítíréṣọ̀, láti inú Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá ti 1968 títí dé Ifá: An Exposition of Ifá Literary Corpus ti 1976. Ní 1983, Olú Longe, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, fi Ifá àti kọ̀ǹpútà ṣe kókó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkànṣe rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Pierre Verger kó ewé àti ọfọ̀ jọ sínú Ewé ní 1995. Sophie Olúwọlé fi Ọ̀rúnmìlà wé Socrates nínú ìwé filọ́sọ́fì tí ó jáde ní 2014. Ní 2016, Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, yẹ ọ̀rọ̀ akọ àti abo nínú Ifá wò, ọdún yẹn kan náà sì ni Jacob Olúpọ̀nà àti Rowland Abíọ́dún ṣe olóòtú àkójọpọ̀ ńlá kan tí àwọn onímọ̀ ẹ̀ka púpọ̀ kọ àròkọ sínú rẹ̀. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, àjọ UNESCO ti kéde Ifá ní 2005 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn ogún àṣà tí aráyé gbọ́dọ̀ tọ́jú, ó sì wọ inú àkọsílẹ̀ wọn ní 2008.

Ohun ìwúrí ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ó gbé ìbéèrè kan dìde tí àwọn tí ń kọ àpilẹ̀kọ lónìí kì í sábà bi ara wọn: ṣé bí ẹ̀ka ìmọ̀ ṣe pọ̀ tó lórí Ifá náà ni ohun tí a mọ̀ nípa Ifá ṣe pọ̀ tó? Èrò iṣẹ́ yìí ni pé àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Ọ̀nà tí a ń gbà ka ẹsẹ Ifá ti di púpọ̀, ṣùgbọ́n orísun tí àwọn ẹsẹ náà ti ń wá kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka ìmọ̀ kan a gba ẹsẹ lọ́wọ́ ẹ̀ka mìíràn, a sì gbàgbé pé ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ti gé e bá ìbéèrè tirẹ̀ mu kí ó tó dé ọ̀dọ̀ òun. Bí nǹkan bá ń lọ báyìí, ìwé yóò máa pọ̀ sí i, ẹ̀rí inú wọn kò sì ní pọ̀ sí i.

Òṣùwọ̀n láti inú èdè Yorùbá

Kò sí ìdí láti lọ yá òṣùwọ̀n níbòmíràn kí a tó lè wọn ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1986, Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípọ̀ tẹ Knowledge, Belief and Witchcraft jáde. Àwọn oníṣègùn Yorùbá ni wọ́n bá jíròrò, wọn kò sì bi wọ́n ní ìtàn àtijọ́ tàbí orúkọ òrìṣà. Ohun tí wọ́n bi wọ́n ni pé báwo ni a ṣe ń lo ọ̀rọ̀ bíi “mọ̀” àti “gbàgbọ́”, àti pé nígbà wo ni ó tọ́ kí ènìyàn sọ pé òun mọ nǹkan.

Àbájáde wọn ṣe pàtàkì. Ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ̀. Ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, tàbí tí wọ́n kọ́ ọ, tàbí tí ó kà nínú ìwé, ìgbàgbọ́ ni: ó gbọ́ ọ, ó sì gbà á. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ sọ ìtumọ̀ ara rẹ̀. “Mọ̀” ti Yorùbá ha ju ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń túmọ̀ rẹ̀ lọ, nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ìmọ̀, èyí tí wọ́n kọ́ nílé ẹ̀kọ́ láìrí i rí, inú ìgbàgbọ́ ni Yorùbá yóò kó o sí. Òwe tí ó ní ìròyìn kò tó àfojúbà ń sọ ohun kan náà ní kúkúrú.

Èyí kò sọ ìgbàgbọ́ di ohun yẹpẹrẹ. Hallen àti Ṣódípọ̀ ṣàlàyé pé ènìyàn lè dán ohun tí ó gbàgbọ́ wò. Bí ó bá dán an wò tí ó sì rí i fúnra rẹ̀, ó di ìmọ̀ fún un. Bí kò bá ṣeé dán wò, a lè jíròrò rẹ̀, kí a gbọ́ tẹnu àwọn ẹlẹ́rìí, kí a sì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí ó ṣeé gbà. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni kí ènìyàn máa fi ohùn ìmọ̀ sọ ohun tí ó jẹ́ ìgbàgbọ́. Òṣùwọ̀n yìí ni iṣẹ́ yìí yóò gbé lé àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ tí ó ti fọwọ́ kan Ifá.

Ẹsẹ kan náà, ọ̀nà ìpín méjì

Apá ibi tí ó yẹ láti bẹ̀rẹ̀ ni ìhun ẹsẹ Ifá, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti lè rí bí ẹ̀ka ìmọ̀ ṣe ń mọ ohun tí ó ń wò sí ìrísí tirẹ̀. Bascom pín ẹsẹ Ifá sí mẹ́ta. Èkíní ni ìtàn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ rí, tí a fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Èkejì ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yọrí sí. Ẹ̀kẹta ni bí ó ṣe kan ẹni tí ó jókòó níwájú babaláwo lọ́jọ́ náà, ibi tí awo ti máa ń sọ pé Ifá ní kí ẹni yìí ṣe báyìí tàbí kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Abímbọ́lá ní tirẹ̀ rí ẹ̀yà mẹ́jọ: orúkọ awo tí ó dá Ifá, ẹni tí wọ́n dá a fún, ohun tí ó mú un wá, ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe, bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é, ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ jáde, ayọ̀ tàbí àbámọ̀ rẹ̀, àti ẹ̀kọ́ tí ó kádìí rẹ̀.

Àwọn méjèèjì tọ̀nà, ṣùgbọ́n ibi tí kálukú parí sí kò dọ́gba. Orí ẹni tí a ń dá Ifá fún lónìí ni Bascom parí ọ̀rọ̀ sí, nítorí pé ohun tí àwọn ènìyàn ń fi Ifá ṣe láàárín ara wọn ni ó ń wá. Ìparí ewì náà ni Abímbọ́lá parí sí, nítorí pé bí ewì ṣe dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà ni ó ń wá. Ẹni tí a dá Ifá fún nínú ètò Abímbọ́lá ni ẹni inú ìtàn. Ẹni tí ó jókòó lórí ẹní kò sí nínú ètò náà.

Ìyàtọ̀ yìí kì bá tí jẹ́ nǹkan bí kò bá jẹ́ pé àwọn ẹ̀ka mìíràn wá gba ẹsẹ lọ́wọ́ lítíréṣọ̀. Onífilọ́sọ́fì tí ó ṣí ìwé ewì Ifá yóò bá ẹsẹ tí ó mọ́ tónítóní, tí a to ìlà rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, tí kò sì sí ẹni kankan lórí ẹní. Ó rọrùn láti rò pé ẹsẹ bẹ́ẹ̀ ń bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀ nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n Bascom ti fi hàn pé babaláwo lè pe ẹsẹ bíi mélòó kan lábẹ́ odù tí ó hù, àti pé ẹni tí a ń dá Ifá fún ni yóò sọ èyí tí ó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu nínú wọn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, apá kan nínú ìtumọ̀ ẹsẹ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ kan ṣoṣo gbe èrò kan lẹ́sẹ̀ pé “Ifá sọ báyìí” ti fo ìgbésẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ ni Ifá sọ, ẹnìkan ni ó sì yan èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀.

Ẹyọ àti èjì: ohun tí ìṣirò rí àti ohun tí ó fo

Ẹ̀ka tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù lóde òní ni ti kọ̀ǹpútà. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ dájú. Odù kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ojú mẹ́rin. Ojú kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ ẹyọ tàbí èjì. Ojú mẹ́jọ tí ó lè gba ọ̀nà méjì méjì yóò bí 256, èyí tí í ṣe ojú odù 16 àti àmúlù 240. Ọ̀nà méjì méjì yìí náà ni kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú ohun gbogbo tí ó wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìfiwéra náà fi fa àwọn ènìyàn mọ́ra.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí ń sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn Longe dúró sí orí iye náà, wọn kò sì tún wo odù mọ́. Bí odù bá jẹ́ oǹkà bíi ti kọ̀ǹpútà, ètò àgbà odù yẹ kí ó tẹ̀lé ètò oǹkà. Ogbè jẹ́ ẹyọ mẹ́rin, Ọ̀yẹ̀kú sì jẹ́ èjì mẹ́rin. Nínú oǹkà, ìpẹ̀kun kan ni Ogbè yóò wà, ìpẹ̀kun kejì ni Ọ̀yẹ̀kú yóò wà, mẹ́rìnlá yòókù yóò sì wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ awo, Ọ̀yẹ̀kú ni ó tẹ̀lé Ogbè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ètò mìíràn ni ó wà níbẹ̀, ó sì hàn sí ẹnikẹ́ni tí ó bá tẹ àwọn odù sórí ìyẹ̀rẹ̀ osùn tàbí sórí ìwé.

Ètò náà ni ti ìsọ̀rí méjì méjì. Ìròsùn jẹ́ ẹyọ, ẹyọ, èjì, èjì láti òkè wá sílẹ̀. Ọ̀wọ́nrín tí ó tẹ̀lé e jẹ́ èjì, èjì, ẹyọ, ẹyọ: Ìròsùn tí a dorí rẹ̀ kodò ni. Ọ̀bàrà jẹ́ ẹyọ kan lórí èjì mẹ́ta. Ọ̀kànràn jẹ́ èjì mẹ́ta lórí ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ògúndá àti Ọ̀sá, Ìká àti Òtúúrúpọ̀n, Òtúrá àti Ìrẹtẹ̀, Ọ̀ṣẹ́ àti Òfún. Mẹ́rin péré ni kò yí padà bí a bá dorí wọn kodò, àwọn ni Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì àti Òdí. Ní tiwọn, ẹnì kejì ni òdìkejì ojú ẹnì kíní: níbi tí Ogbè ti ní ẹyọ ni Ọ̀yẹ̀kú ti ní èjì, Ìwòrì jẹ́ èjì, ẹyọ, ẹyọ, èjì, Òdí sì jẹ́ ẹyọ, èjì, èjì, ẹyọ.

Ohun tí ó tún mú kí èyí lágbára ni ètò tí Bascom gbà sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ètò yẹn yàtọ̀ sí èyí tí ó wọ́pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn: níbẹ̀, Ọ̀bàrà àti Ọ̀kànràn ṣáájú Ìròsùn àti Ọ̀wọ́nrín, Ìrẹtẹ̀ àti Òtúrá sì ṣáájú Òtúúrúpọ̀n àti Ìká. Ipò àgbà yí padà, ṣùgbọ́n kò sí odù kan tí ó kọ ẹnì kejì rẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá ń wá ohun tí kò yẹ̀ nínú ètò odù láti ìlú dé ìlú, ìsọ̀rí méjì méjì yìí lágbára ju ipò àgbà lọ, ó sì jìnnà sí ètò oǹkà kọ̀ǹpútà.

Ìṣirò kò kùnà níbí o. Ìṣirò gan-an ni ó fi ìsọ̀rí náà hàn. Ohun tí ó kùnà ni gbólóhùn tí a gbà láti ẹnu dé ẹnu pé Ifá dà bíi kọ̀ǹpútà, tí a kò sì padà lọ fi wé ojú odù. Ìbéèrè mìíràn sì wà tí ó jẹ́ ti onímọ̀ ìṣirò nìkan: ṣé àǹfààní tí odù kọ̀ọ̀kan ní láti hù dọ́gba? Ìrísí èso ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni yóò pinnu bí yóò ṣe máa ṣubú. Ní ti ikin, awo yóò gbá ikin 16 ní ọwọ́ kan sí òmíràn. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, yóò tẹ èjì, bí méjì bá ṣẹ́kù, yóò tẹ ẹyọ, bí ó bá sì jù bẹ́ẹ̀ lọ tàbí tí kò ku nǹkan kan, yóò tún un gbá. Ọwọ́ ẹni tí ń gbá a wà nínú ìdáhùn náà. Àwòrán inú ìwé kò lè dáhùn ìbéèrè yìí. Ẹni tí yóò dáhùn rẹ̀ yóò jókòó ti awo, yóò sì máa kà á fún ọjọ́ pípẹ́.

Ewé àti ọ̀rọ̀ ẹnu

Iṣẹ́ Verger fi bí ẹ̀ka méjì ṣe lè wà nínú ìwé kan náà hàn. Ọmọ Faransé ni, ayàwòrán ni kí ó tó di aṣèwádìí, Kétu ni ó sì ti gba Ifá tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Fátúmbí. Nínú Ewé, ó kọ orúkọ ewé ní Yorùbá àti orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fi ń pè é, ó to iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ odù tí ó ni ín, ó sì kọ ọfọ̀ tí a ń pè sí i. Ó ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀-ìṣe kan sábà máa ń so orúkọ ewé, ọfọ̀ àti iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ewé náà ṣe pọ̀. Etí Yorùbá, fún àpẹẹrẹ, lè gbọ́ “yí padà” nínú àlùpàyídà kí ẹnikẹ́ni tó sọ ohun tí a ń lò ó fún.

Onímọ̀ oògùn tí ó bá ṣí ìwé náà yóò mú orúkọ ti onímọ̀ ewéko, yóò gbé ewé lọ sí yàrá àyẹ̀wò, yóò sì wá èròjà tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè yóò mú ọ̀rọ̀-ìṣe, yóò sì fi ewé sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ tirẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n bí onímọ̀ oògùn bá kọ ọ́ pé àwọn babaláwo ń lo ewé kan fún àìsàn kan, ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ bóyá èròjà inú ewé ni ó mú kí wọ́n yàn án, tàbí orúkọ rẹ̀. Ìbéèrè yẹn lè yí irú ewé tí yóò kọ́kọ́ gbé lọ sí yàrá àyẹ̀wò padà. Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè nìkan ni ó lè ràn án lọ́wọ́ láti ya èyí tí orúkọ ń gbé sọ́tọ̀ sí èyí tí ó dúró láìsí ìrànlọ́wọ́ orúkọ. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ilé ìwé oògùn àti ẹ̀ka èdè kì í pàdé nídìí iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ inú ìwé kan ṣoṣo ni Verger ti pa wọ́n pọ̀.

Ta ni ó ń sọ̀rọ̀?

Ìdòwú lo ẹsẹ Ifá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé Olódùmarè ni ó wà ní ìpìlẹ̀ ẹ̀sìn Yorùbá, àti pé ìránṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn òrìṣà. Ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn Kírísítẹ́nì ni, ó sì padà di olórí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà. Ìbéèrè tí ó gbé dé ọ̀dọ̀ Ifá ni ìbéèrè tí ìmọ̀ ẹ̀sìn ti ń bi ara rẹ̀ tipẹ́: Ọlọ́run kan ni, tàbí ọ̀pọ̀? Àwọn ẹsẹ tí ó dá ìbéèrè yẹn lóhùn ni ó wá di gbajúmọ̀ láàárín àwọn tí ó tẹ̀lé e. Ẹsẹ tí ń sọ̀rọ̀ ìdí tí ọjà fi tú, tàbí ìdí tí aya fi kọ ọkọ, kò rí àyè tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ẹ̀sìn, bẹ́ẹ̀ irú ọ̀ràn yẹn ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ bá babaláwo.

Olúwọlé ní tirẹ̀ jà fún Ifá kí ó lè wọ yàrá filọ́sọ́fì. Àríyànjiyàn rẹ̀ ni pé àìkọ̀wé kò sọ ọlọ́gbọ́n di aláìlọ́gbọ́n, nítorí pé Socrates náà kò kọ ìwé. Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, ó sì ṣí ilẹ̀kùn tí àwọn kan ti tì pa. Síbẹ̀, ìfiwéra náà fúnra rẹ̀ gbé ojúṣe kan lé àwọn tí ó ń lò ó lórí. Kò sí ẹni tí ń kọ̀wé lórí Socrates tí kì í sọ bóyá Plato ni ó gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí Xenophon, nítorí pé Socrates ti ẹnì kìíní kò rí bákan náà pẹ̀lú ti ẹnì kejì. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí Ọ̀rúnmìlà jókòó ti Socrates ní láti sọ bákan náà: ta ni ó pe ẹsẹ yìí, ní ìlú wo, ta ni ó sì kọ ọ́ sílẹ̀? Bí kò bá sọ ọ́, Socrates nìkan ni ó ní ẹlẹ́rìí lórí tábìlì.

Oyěwùmí ni ó ti ìbéèrè yìí síwájú jù. Ó ṣàríwísí àwọn onímọ̀ tí ó ti ṣáájú pé wọ́n fi babaláwo ọkùnrin ṣe òṣùwọ̀n gbogbo nǹkan, tí wọ́n sì ka ìyánífá sí ohun tí ó yàtọ̀ sí ìlànà. A lè má gba gbogbo ohun tí ó sọ nípa ipò akọ àti abo nínú Yorùbá àtijọ́, ṣùgbọ́n kókó ìwádìí rẹ̀ dúró: bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin ni gbogbo ẹni tí aṣèwádìí bi ní ìbéèrè, kò lè fi ohùn ìmọ̀ sọ ohun tí àwọn obìnrin inú Ifá mọ̀ tàbí ohun tí wọn kò mọ̀. Ìgbàgbọ́ ni, kò sì tíì dán an wò.

Àtakò méjì

Ẹnìkan lè ní iṣẹ́ onífilọ́sọ́fì kọ́ ni kí ó máa gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kiri abúlé. Ẹ̀ka ìmọ̀ ti pín iṣẹ́ láàárín ara wọn: ẹnìkan á kó ọ̀rọ̀ jọ, ẹlòmíràn á rò ó. Àtakò yìí tọ̀nà, iṣẹ́ yìí kò sì ní kí gbogbo ènìyàn di akọ́ṣẹ́-awo. Ohun tí ó béèrè kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gba ẹrù lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò ní láti lọ sí oko tí ó ti wá, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó lè dárúkọ olóko. Àwọn aṣèwádìí kan ti fi àpẹẹrẹ rere lélẹ̀. Nínú ìwé tí Bernard Maupoil tẹ̀ jáde ní 1943 lórí Fá ní Dahomey, ó jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ pé Gedegbe, tí ó ti jẹ́ awo fún Ọba Béhanzin, ni olùkọ́ òun pàtàkì. Bascom náà jẹ́ kí ó hàn nínú Sixteen Cowries ti 1980 pé ẹnu Sàlàkọ́ ní Ọ̀yọ́ ni òun ti gba àwọn ẹsẹ ẹ́ẹ́rìndínlógún inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá lo ìwé méjèèjì mọ ohùn ẹni tí òun ń gbọ́, ó sì mọ̀ pé ohùn ẹnìkan ni, kì í ṣe ohùn gbogbo Yorùbá tàbí gbogbo Fọ̀n.

Àtakò kejì le ju èyí lọ. Ẹnìkan lè béèrè pé: ṣé babaláwo fúnra rẹ̀ kò gba ẹsẹ lẹ́nu olúwo rẹ̀ ni? Kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dá Ifá fún ẹni inú ìtàn. Ìgbàgbọ́ ni tirẹ̀ náà, kí ló wá dé tí a óò fi òṣùwọ̀n yìí mú onímọ̀ yunifásítì nìkan?

Ìdáhùn sí èyí wà nínú ìhun ẹsẹ gan-an. Nínú ẹ̀yà mẹ́jọ tí Abímbọ́lá tò, èyí àkọ́kọ́ ni orúkọ awo, ó sì wà lára àwọn ẹ̀yà tí ẹsẹ kì í sábà ṣe aláìní. Lóòótọ́, púpọ̀ nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí jẹ́ gbólóhùn ìjìnlẹ̀ tí ó ṣòro láti sọ bóyá ẹnìkan jẹ́ ẹ rí. Ṣùgbọ́n ìlànà náà ṣe kedere. Awo kì í sọ pé òun ni òun ni ọ̀rọ̀, kì í sì í sọ pé òun fi ojú ara òun rí i. Yóò kọ́kọ́ dárúkọ awo tí ó dá a, yóò dárúkọ ẹni tí wọ́n dá a fún, lẹ́yìn náà ni ìtàn yóò tó bẹ̀rẹ̀. Ó mọ̀ pé ìgbàgbọ́ ni òun gbé dání, ó sì ń fi ẹlẹ́rìí rẹ̀ hàn kí ó tó sọ ọ́. Ohun tí àpilẹ̀kọ yunifásítì máa ń gé dànù gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ tí kò kan kókó ọ̀rọ̀ ni Ifá fi ṣe ìpìlẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀ lórí Ifá kì í ṣe àṣìṣe. Láìsí Bascom, ẹni tí ó jókòó lórí ẹní ì bá ti sọnù nínú ìwé. Láìsí Abímbọ́lá, ẹwà ẹsẹ ì bá ti di ìtàn lásán. Láìsí ìṣirò, ìsọ̀rí odù ì bá má hàn kedere, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè nípa ìyánífá ì bá má dìde láìsí Oyěwùmí. Kálukú wọn fi ojú tirẹ̀ rí ohun kan, ohun yẹn sì jẹ́ ìmọ̀ fún un. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ níbi tí a ti gba ohun tí ẹlòmíràn rí tí a sì ń sọ ọ́ bí ẹni tí ó wà níbẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò nílò owó ńlá. Nínú àpilẹ̀kọ oyè, ó yẹ kí ẹsẹ Ifá kọ̀ọ̀kan ní àlàyé díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀: ẹni tí ó pè é, ìlú rẹ̀, ọdún tí ó pè é, ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀, àti bóyá nítorí ẹni tí ó wá ṣe àyẹ̀wò ni awo ṣe pè é tàbí nítorí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹsẹ tí a pè fún ẹ̀rọ kò ní ẹni tí yóò yàn án. Bí ìwé tí a ti mú ẹsẹ kò bá sọ àwọn nǹkan wọ̀nyí, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ pé kò sí lákọsílẹ̀. Bí awo bá sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a má dárúkọ òun, kí a kọ èyí náà. Àwọn alábòójútó lè ṣe ju èyí lọ: akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ oògùn tí ń ṣiṣẹ́ lórí ewé Ifá lè ní alábòójútó kejì láti ẹ̀ka èdè, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà sì lè ní ẹnìkan tí ó mọ odù í tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fi dọ́la. Ẹsẹ Ifá ti ń wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí orúkọ awo, láìsí ìlú, láìsí ọdún. Láìpẹ́, ẹni tí ó bá rí ẹsẹ kan níbẹ̀ kò ní lè sọ bóyá ẹnu àgbà awo ni ó ti wá tàbí ẹnìkan ni ó jókòó hun ún lánàá. Àwọn tí ó lè sọ ìyàtọ̀ ń darúgbó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ orúkọ awo àti ìlú rẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ kan lónìí ti fi ọ̀nà sílẹ̀ fún onímọ̀ ẹ̀ka yòówù tí ó bá ń bọ̀ lẹ́yìn láti padà lọ béèrè.